Àdín Lára Alùpùpù Pupa

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn àdín níbikíbi, òórùn pẹtiróòlù ni imú mi máa ń retí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan, ìwọ náà mọ̀. Àdín ni òróró dúdú tí à ń rí lára ekùrọ́, tí àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ tuntun lára kí awọ rẹ̀ lè dán. Pẹtiróòlù ní tirẹ̀, inú táńkì ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kan ní Òmù-Àrán, lẹ́yìn pálọ̀ àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi, àwọn méjèèjì jọ gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àpò èlùbọ́ wà ní igun kan yàrá náà, korobá àti agbada tí wọn kì í sábà lò wà ní igun kejì, láàárín wọn ni alùpùpù pupa kan dúró sí, tó tẹ orí síwájú bí ọmọ tó ń dúró kí wọ́n ní kí ó máa sáré.

Ítálì ni ọ̀rẹ́ mi ti rà á. Ó já tòmátì lóko àwọn òyìnbó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ríṣẹ́ sí ilé àwọn tó ń tún alùpùpù ṣe, ibẹ̀ ni nǹkan náà sì ti kó sí i lórí. Nígbà tí ẹrù rẹ̀ dé, gbogbo àdúgbò ti ń retí jíìpù. Fíríìjì ló kọ́kọ́ jáde, mátírẹ́ẹ̀sì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ohun pupa kékeré yìí yọjú láàárín páálí. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, wò ó títí, wọ́n ní, "Gbogbo ọdún tó o lò níbẹ̀, ọ̀kadà lo lọ rà bọ̀?" A rẹ́rìn-ín títí omijé bọ́ lójú wa. Ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lára táńkì náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Kí n má purọ́, ó dára. Ó fúyẹ́ débi pé èmi àti bírìkìlà kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀ láìmí hẹlẹ, bí ẹni gbé bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlà funfun kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Hándù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gùn ún gbọ́dọ̀ da àyà dé táńkì. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún wa pé nítorí eré ìje ni wọ́n ṣe ṣe irú rẹ̀, pé àwọn tó ṣe é kò ṣe púpọ̀, wọ́n sì ti ṣíwọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ, èyí ni àwọn ọlọ́kadà fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. "Máṣíìnì tí kò lè gbé ìyàwó ẹni, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ìyá rẹ̀ náà dá sí i. Rore ni ilé àwọn òbí tiwọn, wọ́n sì máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn níbẹ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá ń lọ sí Rore, orí ta ni o fẹ́ kí n jókòó lé?" Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, mọ́tò tiyín ń bọ̀."

Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń gbé e gba ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́. A óò wà níwájú ilé, a óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, ohùn tínrín tó ga, bí agbọ́n tó ń bínú nínú agolo. Ìyá rẹ̀ kì í jókòó títí ohùn náà yóò fi padà dé. Ìdúró ni wọ́n máa ń wà, wọn yóò máa ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà tán tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé bí nǹkan yóò bá pa ọ̀rẹ́ mi, alùpùpù yẹn ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ń ṣe àmín.

Kì í ṣe alùpùpù ló pa á. Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rò pé ẹ̀wà tí òun jẹ ni. Nígbà tí a fi máa gbé e dé Ìlọrin, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kò tíì gbéyàwó, kò tíì bímọ.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe òkú ọ̀fọ̀ nílẹ̀ wa. Òbí kì í sin ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ olóògbé ló ń gbé e lọ, a kì í sì í fi sàréè náà han ìyá tó bí i. Ilé onígbàgbọ́ ni ilé wọn, díákónì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí èyí, ohun tí àwọn baba ńlá ń ṣe ni wọ́n ṣe. Bàbá kọ̀ kí a sin ín sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìyá rẹ̀ yóò máa gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Oko àtijọ́ ìdílé wọn ní ọ̀nà Rore la gbé e lọ, lábẹ́ àwọn igi igbá mẹ́ta, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, tó dúró sún mọ́ títì. Bírìkìlà yẹn gbé ibi orí, èmi gbé ibi ẹsẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, àgbàlagbà ilé wọn kan wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì wò wá lójú. Ó ní, "Ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ mú un débí. Bí ó bá bi yín, ẹ ní ẹ kò mọ̀." A ní a ti gbọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe àṣà náà, mo gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo ṣì fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí: kí ìyá má baà sọ orí sàréè di ilé.

Wọ́n pín aṣọ rẹ̀, wọ́n pín bàtà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ alùpùpù. Wọ́n tì í wọ inú yàrá èlùbọ́, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Èmi kò ṣíwọ́ lílọ síbẹ̀. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni kò jìnnà sí wọn, mo máa ń yà kí wọn láàárọ̀. "Ọ̀rẹ́" ni ìyá náà ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, wọn kò tilẹ̀ pe orúkọ mi rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kan ilẹ̀kùn, n kò gbọ́ ìdáhùn, mo bá wọlé. Ilẹ̀kùn yàrá èlùbọ́ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá wà níbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ ti alùpùpù náà, ìgò àdín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àkísà rírọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń pa á lára láti orí táńkì dé irin ẹsẹ̀, gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ pátá, bí a ṣe ń pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Wọn kò sunkún. Ohùn wọn dùn, ó fúyẹ́. Oríkì ọmọ wọn ni wọ́n ń pè. "Àjàní, o jí ire? Ṣé ooru kò mú ọ mọ́jú?"

Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde. Bí mo bá mọ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá jẹ́ kí ó parí sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí; mo rò pé ọkàn wọn ti ń dàrú. Mo lọ bá bàbá lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú oríkì náà. Bàbá ká ìwé ìròyìn náà jọ, wọ́n tún un ká, títí ó fi kéré jọjọ. Wọ́n ní, "Èmi náà ti ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi. Bí nǹkan yẹn bá ṣì wà nílé yìí, ọgbẹ́ ìyá rẹ kò ní jiná. Bá wa tà á. Kí wọ́n wá gbé e ní ọjọ́bọ̀ tí yóò wà ní ìpàdé àwọn obìnrin." Mo ní ó dára, sà. Ó tilẹ̀ wú mi lórí pé èmi ni wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kọ́kọ́ pè ń béèrè bóyá ó lè gbé èrò méjì àti àpò sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan pè láti Ìlọrin, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Wallahi, ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni? Ṣé Òmù-Àrán ni irú èyí wà?" Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lòun ti ń rí i nínú àwòrán, òun kò sì rò pé òun lè fojú kan án ní Nàìjíríà. Ó béèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní, "Ó kàn wà nílé lásán ni. Kò sí ẹni tó ń fi ṣe nǹkan kan." Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo ti sọ irọ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé mi, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kì í kúrò létí mi.

Ọkùnrin náà wá ní ọjọ́bọ̀, òun àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó fi mátírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá ti lọ sí ìpàdé. Mo pe bírìkìlà kí ó wá bá mi gbé e, nítorí òun ló bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. N kò ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà wọ yàrá, ó dúró. Ó fi ìka kan tọ ìlà funfun náà lọ, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. "Kí lẹ fi ń pa á? Ìpẹtà kò tilẹ̀ dé ara rẹ̀ rárá." Mo díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Bírìkìlà wò mí, ó wo ilẹ̀, ó lọ mú ibi orí. Èmi mú ibi ẹ̀yìn. Bí a ṣe gbé e nílẹ̀ báyìí ni ara mi mọ̀ ọ́n, kí ọpọlọ mi tó mọ̀ ọ́n. Bírìkìlà náà mọ̀ ọ́n, nítorí ó gbójú kúrò lára mi. A kò tíì jọ gbé nǹkan mìíràn láti ọjọ́ tí a ti ọ̀nà Rore bọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé la wà tí ìyá fi dé. Ara olórí ìpàdé wọn kò yá, wọ́n sì ti tú ká kíákíá. Ìborùn funfun wà lórí wọn, Bíbélì wà lábíyá wọn. A dúró tàwa ti alùpùpù lọ́wọ́, a kò lè gbé e sílẹ̀, a kò lè tẹ̀ síwájú. Mo ń retí igbe. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ta ni yóò ní òó?

Wọ́n wo bírìkìlà, wọ́n wò mí, wọ́n wo bí a ṣe dúró, ẹnì kan lórí, ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé àwọn náà ti mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ni." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

Láti inú pálọ̀ ni bàbá ti sọ̀rọ̀, wọn kò jáde. "Wọlé jàre, jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe."

Ìyá kò wo apá ibẹ̀. "Ọ̀rẹ́, ìwọ ni mò ń bi. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, ẹ tún bá mi sọ ọ́ nù. N kò bá yín jà. Àṣà ni. Ṣùgbọ́n eléyìí, ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tó ń lọ."

Ọkùnrin ará Ìlọrin yẹn, tí kò mọ ohun tó bá ara rẹ̀ láàárín rẹ̀, bọ́ fìlà, ó tẹríba. "Ìlọrin ni mà, ilé mi ni. Ní Tánkẹ̀."

"Ibo ní Tánkẹ̀?"

"Ilé onígéètì aláwọ̀ ewé, mà. Igi máńgòrò kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá béèrè èmi mẹkáníìkì, ọmọdé yóò mú yín wá."

"Inú ilé ni yóò máa sùn?"

"Inú ilé ni, mà. N kò ní jẹ́ kí òjò pa á."

Ìyá pe gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹnu, Tánkẹ̀, géètì ewé, máńgòrò, bí ọmọ tó ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí. Ọkùnrin náà wá yíjú sí mi. Ó rọra sọ pé, "Ọ̀gá, bí ó bá ṣe pé ó yẹ kí n fi í sílẹ̀, ẹ sọ. N kò ní bínú." Ó ti yé òun tó jẹ́ àlejò. Gbogbo wọn ń wò mí. Apá ń ro mí. Mo wo ẹnu ọ̀nà pálọ̀, bàbá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ tó ti ń kó ẹ̀rù bá mi láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e."

Ìyá yà fún wa lọ́nà. Nígbà tí a so ó mọ́ inú ọkọ̀ tán, wọ́n gbé ìgò àdín àti àkísà náà jáde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọkùnrin yẹn. "Díẹ̀díẹ̀ ni o. Bó bá pọ̀ jù, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀ gbà á. Tìtorí ìyẹn ni mo ṣe bínú sí i títí ọkọ̀ rẹ̀ fi lọ, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Bí ìyá bá bá mi jà lẹ́yìn ìgbà náà, ì bá tù mí lára. Wọn kò bá mi jà. Bí mo bá yà láàárọ̀, ẹ̀kọ mi àti àkàrà mi wà níbẹ̀. Wọ́n kàn máa ń bi mí pé, "Ọ̀rẹ́, Tánkẹ̀ ń kọ́?" Èmi yóò pe ọkùnrin yẹn, yóò ya fọ́tò ránṣẹ́, àwa méjèèjì yóò tẹ orí sórí fóònù mi. Alùpùpù náà ń dán. Wọn yóò ní, "Ó ń pa á lára," wọn yóò sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí mo ra mọ́tò mi, ògbólógbòó ni, èmi ni mo wá ń gbé wọn lọ sí Rore. Mo rò pé mo fi ń san nǹkan kan padà ni. Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀nà náà gba ibi àwọn igi igbá yẹn kọjá. Bí a bá ń lọ, apá òsì ni wọ́n wà, ọ̀dọ̀ tèmi tí mò ń wa ọkọ̀. Bí a bá ti sún mọ́ wọn, mo máa ń yíjú sí ìyá tó jókòó ní ọ̀tún mi, mo máa ń béèrè bóyá ooru ń mú wọn. Bí a bá ń bọ̀, àwọn igi náà á bọ́ sí ọ̀dọ̀ tiwọn, èmi á sì yíjú sí fèrèsé tèmi. Gbogbo ìgbà ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ̀ pé mò ń ṣe é.

Ní ọjọ́ kan tí à ń bọ̀, oòrùn ti ń rẹlẹ̀, iṣu tí ẹ̀gbọ́n wọn fún wa ń yí gbirigbiri lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá ní, "Ọ̀rẹ́."

"Mà."

"Tí a bá ń lọ, tí a bá dé ibí, èmi lo máa ń wò. Tí a bá ń bọ̀, fèrèsé rẹ lo máa ń wò. Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Igbó ni, Màmá."

"Igbó," ni wọ́n wí. Wọ́n wo igbó náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra yíjú sí apá tiwọn, apá tí n kò jẹ́ wò, wọ́n sì rí àwọn igi igbá mẹ́ta tó dúró síbẹ̀. Wọn kò ní kí n dúró. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀, wọ́n fi igbọ̀nwọ́ lé e. "Àjàní," ni wọ́n pè é, pẹ̀lú ohùn tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́sí nínú yàrá èlùbọ́, "o jí ire?" Ọjọ́ ti ń lọ sópin, ṣùgbọ́n kíkí àárọ̀ ni wọ́n kí i, nítorí òun ni wọ́n ti jẹ ẹ́ ní gbèsè tipẹ́.

N kò tíì sọ fún bàbá. Bí wọ́n bá bi mí, mo lè fi Bíbélì búra pé ẹnu mi kò là á. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, bóyá èmi ni mo ba àṣà jẹ́ tàbí èmi ni mo pa á mọ́ jù, n kò mọ èwo nínú méjèèjì ni ẹ̀bi mi. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn àdín dùn mọ́ mi nímú mọ́. Àlejò kan wá láti Ìlọrin, kò mọ ọmọ náà rí, wọ́n bi í ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dáhùn. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rẹ́ jẹ́ kí ìyá arúgbó máa fúnra rẹ̀ wá ìdáhùn kiri lójú mi.